Ẹ ṣe ògùṣọ̀ yín pamọ́ kí òjò tó dé

Gáàsì ò mọ ìgbà tó yẹ kóun tán o. Ó lè jẹ́ alẹ́ ọjọ́ Àìkú, NEPA ti mú iná lọ, òjò ń rọ̀, àwọn tó ń ta gáàsì ti lọ sílé, omi ẹ̀bà ò sì tíì hó. Ọ̀pọ̀ wa ló ní èédú tàbí igi nílé fún irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tá ò ní ni nǹkan tó máa jẹ́ kí èédú ọ̀hún ràn. Ibẹ̀ lẹlòmíì ti máa sáré lọ fa bẹntiróòlù nínú jẹnẹrétọ̀, ẹlòmíì á sì kó ọ̀rá piọ wọ́tà lé èédú lórí.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti bẹntiróòlù kó kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe omi ẹ̀ gan-an ló ń gbiná, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ yẹn ò sì nílò ooru kankan, kódà bí bẹntiróòlù bá tutù bíi pé inú fíríìsà ló ti ń bọ̀, ó ń jáde, ó ń rá pálá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ pàdé ìṣáná lọ́wọ́ yín. Kẹrosíìnì ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 38°C kí afẹ́fẹ́ ẹ̀ tó lè gbiná, ó sàn díẹ̀, àmọ́ ta ló mọ nǹkan tí wọ́n ti pò mọ́ èyí tó wà lọ́jà? Ọ̀rá ńkọ́? Èéfín ẹ̀ burú, orí oúnjẹ tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ló sì ń bà lé. Ẹ fi sílẹ̀ jàre.

Èyí tó dáa jù lójú tèmi ni ògùṣọ̀ táwọn ìyá wa ń lò, ìhá ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn jáǹkájàǹka pupa tó máa ń ṣẹ́kù tí wọ́n bá ti se ẹyìn, tí wọ́n gún un, tí wọ́n fún epo ẹ̀, tí wọ́n sì ti ṣa ẹkùrọ́ kúrò. Epo ṣì máa ń kù lára ẹ̀, òun ló jẹ́ kó máa jó pẹ́ ju bébà lọ. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe epo pupa, ẹ̀yin tó wà ní apá Òkìtìpupa, Ìfẹ̀ tàbí Ìjẹ̀bú ò ní rìn jìnnà, ẹ sì béèrè ìhá tí wọ́n fọwọ́ fún, torí ti ẹ̀rọ máa ń gbẹ jù, epo ò fi bẹ́ẹ̀ kù sí i lára. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń parí lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀, nìgbà tí ẹyìn máa ń pọ̀, oòrùn náà ṣì wà, ìgbà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e délé, ẹ ṣa òkúta àti èèpo ẹkùrọ́ tó bá kù nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ rọ́ ọ sínú ọwọ́ títí tó fi máa dì, kó má tóbi ju ìkúùkù lọ. Ẹ má fún un le jù o, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè wọ inú ẹ̀, èyí tó bá ti le bí òkúta kì í jó, èéfín lásán ló máa ń rú. Ẹ sá a sórí pánù tàbí tápólì, ẹ máa yí i, ẹ máa kó o wọlé lálẹ́ nítorí ìrì. Tí oòrùn bá mú dáadáa, ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ ni pé kẹ́ ẹ ya ọ̀kan sí méjì kẹ́ ẹ fi àárín ẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó bá tutù, omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sóòrùn, torí tẹ́ ẹ bá kó o pamọ́ bẹ́ẹ̀ ó máa hu funfun.

Ẹ̀yin tí ẹ ò lè rí ìhá, tó jẹ́ pé Èkó lẹ wà tàbí òkè òkun, ẹ lo kiréètì ẹyin. Oníbébà o, kì í ṣe oníke. Ẹ kó lẹ́búlẹ́bú pákó tó gbẹ sínú àwọn ihò ẹ̀, kó má kún jù, kẹ́ ẹ wá yọ́ àwọn kúkúrú àbẹ́là tó wà nílé. Yíyọ́ yìí gan-an lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: ẹ má gbé ìda lé iná ní tààrà láé, inú agolo ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ gbé agolo náà sínú ìkòkò omi tó ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́, torí omi tó ń hó ò lè gbóná kọjá 100°C, ìda ò sì lè ti ara ìyẹn gbiná. Tó bá wá ṣèèṣì gbiná, ìdérí lẹ máa fi bò ó, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi sí i. Ẹ da ìda yíyọ́ náà sórí lẹ́búlẹ́bú yẹn kó mu ún, ẹ jẹ́ kó dì, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e níkọ̀ọ̀kan. Ṣùkù àgbàdo tó gbẹ táútáú náà ṣeé tì bọ ìda bẹ́ẹ̀.

Ti inú mọ́tò tàbí báàgì ìrìn àjò ò le rárá, òwú àti fasilíìnì ni. Òwú gidi ni kẹ́ ẹ rà, ayédèrú máa ń yọ́ ni, kì í jó. Ẹ fi fasilíìnì pa á títí tó fi máa mu ún, àmọ́ kí inú ẹ̀ ṣì gbẹ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ lò ó kẹ́ ẹ fà á ya kẹ́ ẹ ṣáná sí ibi tó gbẹ yẹn. Ó lè jó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin márùn-ún.

Tó bá dọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ dáná, ògùṣọ̀ kan ló máa lọ sí ìsàlẹ̀ àdògán, ẹ to èédú kéékèèké yí i ká, ẹ ṣáná sí i látìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ ní sùúrù kó gbé iná kẹ́ ẹ tó mú abẹ̀bẹ̀, àwa la máa ń fi ìkánjú fẹ́ iná pa. Ìta ni o, tàbí abẹ́ ìbòòrùn tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má gbé èédú tó ń jó wọ yàrá torí òjò tàbí òtútù, gáàsì kan ń jáde lára ẹ̀ tí ò lóòórùn, tójú ò rí, carbon monoxide ni wọ́n ń pè é, ojú oorun ló ti ń pa èèyàn.

Ó wá ku ibi tẹ́ ẹ máa kó wọn sí. Ọ̀rá nìkan ò tó, eku ò ní jẹ́ kí ìhá tó ń rùn epo sinmi, inú ike pẹ́ńtì onídèérí ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ dì ìṣáná méjì sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ fi sí i pẹ̀lú, kẹ́ ẹ gbé e sókè níbi tọ́wọ́ ọmọdé ò ti lè tó o, kó sì jìnnà sí sìlíńdà gáàsì.