Bí mo ṣe ka fáìlì àlọ́ tí orin ò fi kúrò ní àyè rẹ̀

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n sọ àkójọ àlọ́ kan tó wà nínú fáìlì XML (fáìlì tí a fi àmì yí ọ̀rọ̀ ká láti sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́) di ohun tí èèyàn lè kà lórí fóònù. Kóòdù kan ti wà nílẹ̀ kí n tó dé, Python, èdè ìkọ kóòdù kan, ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì ké pé nǹkan kan bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń kó gbogbo ìtàn jáde tán, kó tó wá to gbogbo orin jọ sísàlẹ̀.

Àlọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wo ti Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀. Babaláwo se àsèjẹ kí Yánníbo lè lóyún, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìjàpá tọ́ ọ wò, ikùn rẹ̀ wú, ó sáré padà lọ bá babaláwo, orin ló sì fi ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ gan-an ni orin yẹn. Bí a bá gbé e lọ sí ìparí, babaláwo á máa dá ẹni tí kò tíì lanu lóhùn.

Mo ṣí fáìlì náà. Bó ṣe rí nìyí:

```
<alo>
  <oro>Ikùn Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í wú.</oro>
  <orin>...</orin>
  <oro>Babaláwo ní ẹ̀pa ò bóró mọ́.</oro>
  <orin>...</orin>
</alo>
```

`findall("oro")`, tó ń kó gbogbo `oro` jọ, ni kóòdù àtijọ́ kọ́kọ́ ń pè, lẹ́yìn náà `findall("orin")`. Àwọn ọ̀rọ̀ tò tẹ̀ léra wọn dáadáa, àwọn orin náà tò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọ èwo ló wá lẹ́yìn èwo láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, ElementTree, irinṣẹ́ Python tó ń ka XML, ti tọ́jú ètò yẹn sára òbí wọn, ìyẹn `alo` tó yí wọn ká. Òbí yẹn ni kí á máa bá ka àwọn ọmọ:

```
for omo in alo:
    if omo.tag == "oro":
        jade.append(ko_oro(omo))
    elif omo.tag == "orin":
        jade.append(ko_orin(omo))
    else:
        raise ValueError(omo.tag)
```

Ẹ má ṣe fo `else` yẹn. Òun ló dá kóòdù dúró lórí `<idahun>`, ibi tí àwọn ọmọdé ti ń dáhùn "Ààlọ̀!" Kóòdù àtijọ́ ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an pé a rí wọn.

Ibi tó le jù wà nínú `<oro>` fúnra rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ àti àmì ti dà pọ̀:

```
<oro>Ó bu <oogun>àsèjẹ</oogun> náà sẹ́nu.</oro>
```

Nínú ElementTree, `text` ti `oro` dúró sórí "Ó bu". "náà sẹ́nu." kì í ṣe ti `oro` mọ́: ara `oogun` ló wà, lábẹ́ `tail`. Ẹni tó bá ka `text` nìkan á pàdánù ìdajì gbólóhùn láìfura. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

```
def ko_oro(e):
    apa = [e.text or ""]
    for omo in e:
        apa.append(ko_oro(omo))
        apa.append(omo.tail or "")
    return "".join(apa)
```

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán lẹ fẹ́, `itertext()` á kó o jáde ní ètò rẹ̀. Èmi fẹ́ kí orúkọ oògùn dúdú kirikiri, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ tèmi: ibi tí `ko_oro(omo)` wà ni èèyàn ti lè fi àmì dúdú yí i ká. Ẹ má sì fi `strip()`, tó ń gé àlàfo etí ọ̀rọ̀ kúrò, kan `tail` o, àlàfo tó ṣáájú "náà" á lọ, "àsèjẹnáà" lẹ ó sì bá níbẹ̀.

Mo yin àwọn tó tẹ fáìlì náà pé wọn ò fi àmì ohùn sórí orúkọ àwọn eléméǹtì, ìyẹn àwọn àmì bí `oro` àti `orin`. Ọ̀nà tí a lè gbà tẹ "ọ̀" ju ẹyọ kan lọ; ojú ò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n `==`, tí kóòdù fi ń wo bóyá nǹkan méjì bára mu, á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí n tó fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, mo yọ gbogbo àlàfo kúrò nínú ohun tí `itertext()` kó jáde, mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tí kóòdù mi kó jáde láìka àmì dúdú, mo sì fi wọ́n wéra, àlọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bára mu délẹ̀.