Bẹ́ ẹ ṣe lè lo fóònù àti tẹlifíṣọ̀n fọ́mọ nígbà tówó ò sí

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an. Tówó bá wọ́n nílé, tí ìyá ti jáde kílẹ̀ tó mọ́, tí bàbá ò ní dé títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ò síwèé ìtàn kankan nílẹ̀, ta ló máa jókòó ti ọmọ? Fóònù náà ni. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi o, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó látàárọ̀ ò lágbára eré mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọmọ ọwọ́ kì í kọ́ èdè lára fídíò bó ṣe ń kọ́ ọ lẹ́nu èèyàn. Lọ́dún 2003, Patricia Kuhl àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọmọ bí oṣù 9, wọ́n ní kẹ́nì kan máa fi èdè Ṣáínà bá àwọn kan ṣeré, ìgbà 12 ni wọ́n ṣe é, àwọn míì wá ń wo irú ẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó rí èèyàn sójú dá ìró èdè náà mọ̀, àwọn tó wo tẹlifíṣọ̀n ò kọ́ nǹkan kan, àfi bíi pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Tọ́mọ bá nàka sí nǹkan, ẹ̀yin á wo ibẹ̀, ẹ ó pe orúkọ ẹ̀, tó bá ní "ba ba" ẹ ó dá a lóhùn, ibẹ̀ yẹn gan-an lọpọlọ ẹ̀ ti ń dàgbà, fóònù ò sì mọ̀ bóyá ọmọ wà níwájú òun àbí ó ti sùn.

Torí náà ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ń fọṣọ, tẹ́ ẹ bá ń dáná, ẹ bi í léèrè, kẹ́ ẹ wá dúró kó wá nǹkan sọ. Tẹlifíṣọ̀n tẹ́nikẹ́ni ò wò, ẹ pa á, ariwo ẹ̀ ń dín ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń bọ́mọ sọ kù láìmọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ lọ́dún 2019 pé kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2 má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, ti ọdún 2 sí 4 ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ ló burú o. Sesame Street, ètò àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, torí àtiran àwọn ọmọ tálákà lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọ skúùlù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, nígbà táwọn onímọ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ọmọ tó wà níbi tó ti ń hàn dáadáa ò fi bẹ́ẹ̀ ń rẹ̀yìn ní kíláàsì. Ẹ yan irú ètò bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan tàbí méjì tó rọra ń sọ̀rọ̀, ẹ daunlóòdù ẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti jẹ́ ọ̀fẹ́, kọ́mọ máa wò ó tún wò, àtúnwò ò sú ọmọdé. Tẹ́ ò bá lè jókòó tì í, tẹ́ ẹ bá dé ẹ ní kó sọ ìtàn ẹ̀ fún yín.

Níbi tí gbogbo ilé bá ti ń sùn ní yàrá kan, fíìmù táwọn àgbà ń wò lóru ló ń jí ọmọ, á wá máa tòògbé ní kíláàsì, tíṣà á ní olódo ni. Ẹ fi íáfóònù sétí. Tó bá sì di ká yàn láàárín dátà àti oúnjẹ àárọ̀, oúnjẹ ni kẹ́ ẹ rà, ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ míì wọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo lẹ jọ ń lò, tí iṣẹ́ àṣetiléwá wà lórí ẹ̀, ẹ kọ àsìkò kálukú sára ògiri, iṣẹ́ skúùlù ṣáájú katúùn, ti ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ ṣèdánwò ṣáájú ti àbúrò.