Chestnut Sísun Nígbà Òtútù: Iṣu Ni Kí Ẹ Fojú Rẹ̀ Wò, Kì Í Ṣe Ẹ̀pà

Tí wọ́n bá ti dá aago padà sẹ́yìn ní Ìlú Ọba, lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú mọ́. Tó bá fi máa di àárín oṣù kọkànlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ á ti ilé ìwé dé, òkùnkùn á ti bo àdúgbò, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jáde mọ́. Àsìkò yìí náà ni chestnut, èso igi kan tó ní èèpo líle, ń gbó tó ń já bọ́ lábẹ́ igi, tí àwọn ọlọ́jà ń kó o sílẹ̀ tìpọ̀tìpọ̀. Láti orí gígé rẹ̀ títí dórí jíjẹ, wákàtí kan àbọ̀ tó fún un, ilé á sì gbóná bí ẹ ti ń sun ún lọ.

Ohun tó ń jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ ni èèpo rẹ̀. Nítorí pé èèpo náà le, a máa ń ṣe é bí ẹni yan ẹ̀pà: a dà á sórí iná gbígbẹ, a rò ó, a gbé e kalẹ̀ kó tutù kó lè máa ró lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà ní òróró púpọ̀ nínú, ti chestnut kò tó nǹkan. Nínú 100 gíráàmù èyí tó tutù, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì, òróró rẹ̀ kò ju gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù sì jẹ́ sítáàṣì àti ṣúgà díẹ̀. Iṣu kékeré tó wọ èèpo ni. Ẹni tó bá ti fojú iṣu wò ó ti mọ ìdí tó fi ń bu nínú àpò ọ̀rá, ìdí tó fi ń bẹ́ gbàù lórí iná, àti ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tutù ká tó bó o.

Èyí tí a ń jẹ àti èyí tí a kì í jẹ

Oríṣi igi méjì ni wọ́n ń pè ní chestnut níbí, wọn kò sì bá ara wọn tan rárá. Sweet chestnut ni à ń jẹ. Horse chestnut, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní conker tí wọ́n ń fi ṣeré, ní májèlé: ó ń fa èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ sun ún o, ẹ sè é o, kò lè di oúnjẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wo èèpo òde. Ti sweet chestnut kún fún ẹ̀gún tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó dì mọ́ra bí ara òòrẹ̀, ẹ kò sì lè fi ọwọ́ lásán gbá a mú. Ti conker nípọn, ẹ̀gún rẹ̀ kúkúrú, ó sì jìnnà síra. Nínú èèpo sweet chestnut, ẹ ó sábà rí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó ti fún ara wọn pẹ́rẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí orí wọn ṣóńṣó, tí irun díẹ̀ sì wà lórí ṣóńṣó náà. Conker sábà máa ń dá wà nínú èèpo tirẹ̀, ó rí roboto, ó ń dán gbinrin, kò sì ní ṣóńṣó. Ewé náà kì í purọ́: ti sweet chestnut dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gùn, etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn, ti conker pín sí márùn-ún tàbí méje láti ojú kan bí ewé ẹ̀gẹ́. Bí ó bá ṣì ń rú yín lójú lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣà á fúnra rẹ̀ kó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kó fi bàtà méjèèjì tẹ èèpo òde lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì títí tí yóò fi là. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọ igbó onígbó. Ní àwọn ọgbà ńlá ọba tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, irú bíi Greenwich, ṣíṣa èso lábẹ́ igi kò bófin mu, bó ti wù kó pọ̀ tó nílẹ̀. Ká sòótọ́, èyí tó ń so ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kéré, iṣẹ́ bíbó rẹ̀ sì pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó tóbi, èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti Ítálì tàbí Spain ni kí ẹ rà. Fún àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ọjà náà ló kù: àrùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní New York ní 1904 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igi chestnut ìbílẹ̀ ibẹ̀ run tán.

Yíyàn àti títọ́jú

Ẹ gbé e lọ́wọ́. Kó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, kó sì máa dán. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: bí èèpo bá wọlé, inú ti gbẹ, ó ti sún kúrò lára èèpo. Bí ihò róbótó kékeré bá wà lára rẹ̀, ìdin ti jẹun tán, ó ti jáde lọ. Nílé, ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ omi. Èyí tó bá rì dára. Èyí tó bá léfòó, kòkòrò ti jẹ ẹ́ tàbí ó ti gbẹ. Iṣẹ́ ọmọdé nìyí, wọ́n sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó bá ju ìdajì lọ tó léfòó, ẹ la méjì wò kí ẹ tó dà wọ́n nù, nítorí èyí tó ti pẹ́ lọ́jà lè léfòó nítorí gbígbẹ nìkan. Bí inú rẹ̀ bá funfun tí kò sì rùn, ẹ sè é dípò kí ẹ sun ún.

Ẹ má kó o sínú abọ́ lórí tábìlì bí ọsàn. Ooru ẹ̀rọ inú ilé á gbẹ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má sì dì í pa sínú ọ̀rá, yóò bu. Àpò bébà nínú fíríìjì ló yẹ ẹ́, yóò sì lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ láti orí igi, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó sun ún. Díẹ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ á di ṣúgà, gẹ́gẹ́ bí iṣu tó sinmi ti máa ń dùn ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lọ.

Ọ̀bẹ, omi, iná

500 gíráàmù tó ènìyàn mẹ́rin láti fi panu. Ọ̀bẹ kékeré tó ní eyín bíi ti ayùn, irú èyí tí a fi ń gé tòmátì, ló dára jù. Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ máa ń yọ̀ lórí èèpo, ìka ló sì ń bá. Ẹ ká aṣọ ìnuwọ́ sórí pákó, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ chestnut lé e kó má yí, kí ẹ wá la ikùn rẹ̀ ní ìbú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ojú ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ la èèpo, kó la awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó dúró nígbà tó bá kan ẹran inú. Àwọn kan máa ń ṣe àmì àgbélébùú. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ nígbà bíbó. Ìlà gígùn kan ṣoṣo máa ń ya ẹnu dáadáa. Àgbà ni kó di ọ̀bẹ mú.

Ẹ má fo ọ̀kan ṣoṣo. Omi inú rẹ̀ ń di ooru, ooru náà sì ń wá ọ̀nà jáde. Èyí tí ẹ kò là lè bẹ́ nínú oven kí ó fọ́n ká gbogbo ògiri rẹ̀, tàbí kó dúró dìgbà tí ẹ bá gbé e jáde, kó wá bẹ́ síni lójú. Ẹ kà wọ́n bí ẹ ti ń là wọ́n, kí ẹ tún kà wọ́n bí ẹ ti ń tò wọ́n.

Lẹ́yìn lílà, ẹ rẹ wọ́n sínú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fo ibí yìí, wọ́n á sì wá máa ráhùn pé awọ inú kò ṣí. Omi tó wọ ojú ọ̀bẹ ló ń di ooru láàárín awọ àti ẹran, òun ló ń tú wọn ká. Ẹ sẹ́ omi náà dànù, ẹ má nù wọ́n gbẹ.

Ẹ ti tan oven sí 200°C (180°C bí ó bá ní fáànù, nọ́ńbà 6 bí ó bá jẹ́ ti gáàsì). Ẹ tò wọ́n sórí tíréè ní ìpele kan, ojú ọ̀bẹ sókè. Àwọn kékeré ń jinná láàárín ogún ìṣẹ́jú, àwọn ńlá lè tó ọgbọ̀n. Ẹ ó rí i pé ètè ibi tí ẹ là ti ká sẹ́yìn, inú sì ti pọ́n díẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún ọ̀kan: bí iṣu tó jinná ni kó rí, kó wọlé láìlo agbára. Ẹni tí kò ní oven lè lo páànù irin tó wúwo, kó bò ó, kó fi iná tí kò le jù sun ún fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kó máa gbọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dúdú díẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì dára ju ti oven lọ.

Bíbó

Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ ìnura tó mọ́, ẹ dì í, ẹ fún un lọ́wọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ bí èèpo ti ń ró pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ilé jókòó tì í. Mẹ́ta mẹ́rin ni kí ẹ máa mú jáde, kí ìyókù wà nínú aṣọ, nítorí bí ó bá ti tutù pẹ́nrẹ́n, awọ inú á lẹ̀ mọ́ ọn, ọmọ ò ní lè bó o mọ́. Èyí tó bá ti tutù, ẹ dá a padà sínú oven fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí kí ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ rí i pé awọ inú náà kúrò. Òun ló ń korò.

Bí ó bá le bí òkúta lẹ́nu, ó ti pẹ́ jù lórí iná tàbí ó ti gbẹ láti ọjà. Bí àárín bá le tí etí sì rọ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Èyí tí inú rẹ̀ bá dúdú tàbí tó ti bu, ẹ jù ú nù, ẹ má gé ibi tó dára jẹ.

Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odidi, ó lè há a lọ́fun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tí rọ́bà ìbọ̀wọ́ bá máa ń mú ara rẹ̀ yún tàbí wú, kó ṣọ́ra fún chestnut pẹ̀lú, ara ẹlòmíràn kì í gba méjèèjì.

Iyọ̀ díẹ̀ tó o. Epo pupa àti ata gígún, bí ẹni ń jẹ ẹ̀sun iṣu, tún dára ju bọ́tà lọ.

Èyí tó bá ṣẹ́kù

Ẹ fi se àsáró elégédé. Elégédé ń pọ̀ lọ́jà lásìkò yìí, ṣùgbọ́n ẹ má lo àwọn ńlá tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Omi ló pọ̀ nínú wọn, wọn kò ládùn. Irú elégédé tí wọ́n ń pè ní butternut ni kí ẹ rà. Ẹ gé 600 gíráàmù rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ fi mílílítà 300 omi, àlùbọ́sà kan, tàtàṣé kan tí ẹ ti lọ̀ pẹ̀lú ata rodo, ẹja gbígbẹ àti ṣíbí epo pupa mẹ́ta sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó bá ti rọ̀, ẹ tẹ díẹ̀ pa, ẹ wá da 200 gíráàmù chestnut tí ẹ ti bó sí i, kó jinná fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí i. Chestnut á fa omi náà mu, yóò sì ki bí àsáró iṣu. Bí ẹ bá dà á sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ ò ní rí i mọ́ nínú ìkòkò.