Abo Ni Kí Ẹ Mú: Bí Mo Ṣe Dá Lestes forcipatus Mọ̀

Ogún akọ lámilámi ni mo kọ orúkọ Lestes forcipatus sí lára kí n tó rí i pé n kò ní ẹ̀rí kankan. Lestes disjunctus, irú mìíràn tó jọ ọ́, lè pọ̀ nínú wọn. Ó dùn mí gidigidi, torí odindi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ló bá a lọ.

Lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ ni méjèèjì, nǹkan bíi 40 mìlímítà ní gígùn, tí wọ́n máa ń ya ìyẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá bà. Ní Massachusetts, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ẹ lè bá méjèèjì létí adágún kan náà nínú Oṣù Keje.

Mímú wọn kò ṣòro: àwọ̀n, koríko etí omi, sùúrù. Ìdámọ̀ ló pa mí lára. Ẹfun tó ń bo àyà àti ìdí akọ ni mo gbójú lé. Ẹfun yẹn ń pọ̀ bí kòkòrò náà ṣe ń dàgbà, ó sì ń ṣí kúrò bí ìka bá ti kàn án. Akọ ọ̀dọ́ kò tiẹ̀ tíì ní in.

Ìdí abo lẹ máa wò. Ẹ mú un láàyè, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wo ẹ̀gbẹ́ ìrù rẹ̀. Ohun tó fi ń gún ewéko láti yé ẹyin, tó dà bí abẹ ìfárí, wà lábẹ́ oríkèé 9 àti 10 ìrù náà. Ti forcipatus tóbi, ṣóńṣó rẹ̀ kọjá òpin oríkèé 10. Ti disjunctus kì í kọjá. Ohun tó dà bí abẹ yẹn nìkan ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má ka ọ̀pá tíńtín tó yọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì dúró dìgbà tó bá gbẹ, torí àwọn oríkèé lè sún wọnú ara wọn, abẹ á wá dà bí èyí tó gùn.

Bí akọ bá di abo mú lọ́rùn, ẹ kó méjèèjì sínú àpò ìwé kan. Abo ló máa ń jẹ́rìí akọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ a máa ṣèèṣì gbé irú mìíràn.

Ẹ ya fọ́tò kó tó kú, torí àwọ̀ ojú máa ń ṣá. Ẹ fi í sílẹ̀ wákàtí díẹ̀ kó yàgbẹ́ tán, kí ẹ tó rì í sínú acetone (omi kẹ́míkà tó ń gbiná kíákíá) mọ́jú. Ìgò ni kí ẹ lò. Acetone lè yọ́ ife oníke tó mọ́ gaara. Ẹ jìnnà sí iná.

Mẹ́sàn-án ni tọkọtaya tí mo mú lọ́dún yìí, orúkọ wọn sì dá mi lójú. Ogún àtijọ́ wà nínú àpótí, mo ti tún ìwé wọn kọ: «Lestes, akọ».