Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ máàkì Jọ́gíráfì yín nínú JAMB àti WAEC

Mo bi ọmọ kan ní kíláàsì lẹ́sìn wa pé orílẹ̀-èdè wo ló fẹ̀ jù ní Áfíríkà. N kò tíì pa ẹnu dé tó fi dáhùn pé, "Sùdáánì ni, sà!" Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Inú ìwé past question tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò ló ti kọ́ ọ sórí, ìwé náà kò sì parọ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2011, Gúúsù Sùdáánì gba òmìnira, ilẹ̀ Sùdáánì sì dín kù. Láti ọjọ́ yẹn, Àlgéríà ló wà nípò kìíní, ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.38 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyẹn: kí èèyàn gbé ìdáhùn àná wọ ìdánwò òní. India ti kọjá China ní iye èèyàn láti 2023. Ilẹ̀ tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Swaziland ti di Eswatini láti 2018. Pluto náà ti kúrò lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì láti 2006, mẹ́jọ ló kù. N kò ní kí ẹ ju past question nù o, èmi náà ń lò ó. Ẹ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Ní ti ìdáhùn tí wọ́n tò sẹ́yìn ìwé, ẹ má gbà á wọlé títí ẹ ó fi rí i nínú átílásì tuntun, torí yàtọ̀ sí pé ó lè ti gbó, àwọn tó ń tẹ ìwé náà máa ń ṣi lẹ́tà kọ.

Ti olú-ìlú kò ní gbà wá lásìkò. Ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù kọ́ ni olú-ìlú ní gbogbo ìgbà, àwa tí a sì gbé tiwa kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní 1991 ló yẹ kó kọ́kọ́ yé. Canberra ni ti Ọsirélíà, kì í ṣe Sydney. Ankara ni ti Túrkì, kì í ṣe Istanbul. Brasília ló wà nípò náà ní ilẹ̀ Bràsíl láti 1960, Yamoussoukro ní Côte d'Ivoire láti 1983, Dodoma sì ni ti Tànsáníà. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ilé wa níbí: ọmọ Yorùbá á kọ Kútọnu sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè Benin, bẹ́ẹ̀ Àjàṣẹ́, tí ayé ń pè ní Porto-Novo, ni olú-ìlú. Kútọnu kàn ni ibi tí ìjọba fi ṣe ibùjókòó.

Ẹ jẹ́ ká wá fara balẹ̀ lórí ìbéèrè aago, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa gan-an ti ń ṣubú. Ayé ń yí ìwọ̀n digírì 360 ní wákàtí 24, nítorí náà digírì 15 jẹ́ wákàtí kan, digírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Gbogbo wọn ló mọ ìyẹn. Ohun tí wọn kì í mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi kún àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n yọ kúrò, wọ́n á wá máa ta tẹ́tẹ́. Ẹ bi ara yín léèrè pé: ta ni oòrùn kọ́kọ́ yọ sí? Ará ìlà-oòrùn ni, ilẹ̀ ti mọ́ bá a kó tó mọ́ bá ẹlòmíràn, nítorí náà aago rẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá ń lọ sápá ìlà-oòrùn, ẹ fi kún. Bí ẹ bá ń lọ sápá ìwọ̀-oòrùn, ẹ yọ kúrò. Bí aago 12 ọ̀sán bá lù ní Greenwich, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ka digírì láti òdo lọ sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ibi tó wà ní 45° ìwọ̀-oòrùn ṣì wà ní aago 9 àárọ̀.

Ọ̀fìn kejì wà nínú rẹ̀. Bí ìlú méjèèjì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà Greenwich, ẹ yọ digírì kékeré kúrò nínú ńlá. Bí ọ̀kan bá wà ní 30° ìlà-oòrùn tí èkejì wà ní 45° ìwọ̀-oòrùn, ẹ ò ní yọ ohunkóhun, ẹ ó pa wọ́n pọ̀ ni: digírì 75, wákàtí márùn-ún. Ẹni tó bá yọ ọ́ á rí digírì 15, á rí wákàtí kan, á sì rí wákàtí kan náà láàárín àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò kalẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò mọ ibi tí ẹ máa ṣì sí. Wọ́n ti lọ dúró dè yín níbẹ̀.

Ọ̀fìn kẹta ni aago oòrùn àti aago ìjọba. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich, nítorí ìlà 15° ìlà-oòrùn ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Ìlà yẹn kò tilẹ̀ gba ilẹ̀ wa kọjá, ọ̀dọ̀ Chad àti Kamẹrúùnù ló gbà. Èkó wà ní nǹkan bíi 3.4° péré, nítorí náà bó bá jẹ́ oòrùn là ń wò, bí ìṣẹ́jú 14 ni Èkó fi ṣáájú Greenwich, kì í ṣe 60. Ìyẹn ni pé nígbà tí aago ọwọ́ yín bá ní ó di 12 ọ̀sán ní Èkó, oòrùn kò tíì dé àárín orí. Ẹni tó ń kírun ti mọ èyí tipẹ́: ìrun Àílà kì í wọlé ní aago 12 géérégé. Bí ìbéèrè bá sọ pé "local time", oòrùn ni wọ́n ń bi yín. Bó bá sọ pé "standard time", aago ìjọba ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ya máàkì yín sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ló ń pa wọ́n nídìí "jù lọ". Odò Náílì ló gùn jù nínú ohun tí WAEC ń retí, nǹkan bíi 6,650 kìlómítà. Amazon ló gbé omi tó pọ̀ jù. Adágún Victoria ló fẹ̀ jù ní Áfíríkà, Tanganyika ló jìn jù níbẹ̀, Baikal ní Rọ́ṣíà ló sì jìn jù láyé, nǹkan bíi 1,642 mítà. Kilimanjaro tó ga ní 5,895 mítà wà ní Tànsáníà, kì í ṣe Kẹ́ńyà, bó ti wù kí fọ́tò àwọn erin Kẹ́ńyà tó ní òkè náà lẹ́yìn pọ̀ tó. Ní ti Sàhárà, òun ló tóbi jù nínú aṣálẹ̀ gbígbóná. Bí wọn kò bá kọ "gbígbóná", Antarctica ni, torí àìrí òjò àti yìnyín tó pọ̀ ló ń sọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀, kì í ṣe ooru.

Orúkọ náà ń tan èèyàn jẹ. Ó dà bíi pé Equatorial Guinea ló yẹ kí ìlà agbedeméjì ayé gbà kọjá, àbí? Ìlà náà kò kan ilẹ̀ rẹ̀ rárá, àárín erékùṣù rẹ̀ kan àti ìyókù ilẹ̀ náà, lórí omi, ló gbà. São Tomé àti Príncipe, Gabon, Congo méjèèjì, Uganda, Kẹ́ńyà àti Sòmálíà ni ìlà náà fẹsẹ̀ tẹ̀ ní Áfíríkà.

Èyí tó kàn, àgbà náà ń ṣì í. Wọ́n ní ooru máa ń mú nígbà tí ayé bá sún mọ́ oòrùn, òtútù á dé bó bá jìnnà sí i. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn èèyàn wa ní London fi ń wọ kóòtù nínípọn ní oṣù kìíní? Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní gan-an ni ayé ń sún mọ́ oòrùn jù, bíi mílíọ̀nù 147 kìlómítà, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ló sì ń jìnnà sí i jù, bíi mílíọ̀nù 152. Dídà tí ayé dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní digírì 23.5 ló ń fa ìgbà. Apá tó bá kọjú sí oòrùn ni ooru ń mú, nítorí náà nígbà tí òtútù ń pa London, ará Sydney ń lúwẹ̀ẹ́ létí òkun.

Ní ti afẹ́fẹ́, ibi tó ti wá ni wọ́n fi ń pè é, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ jẹ́ ti àríwá-ìlà-oòrùn nítorí láti Sàhárà ló ti ń bọ̀, ti òjò jẹ́ ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn nítorí láti orí òkun ló ti ń bọ̀. Bákan náà ni afẹ́fẹ́ òkun àti ti ilẹ̀: ẹni tó bá ti jókòó sí etí òkun ní Àgbádárìgì lọ́sàn-án kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ti òkun ló ń fẹ́ nígbà náà.

Òkúta: ẹ má fi líle mọ irú rẹ̀. Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta jẹ́ granite, igneous ni, ìyẹn òkúta yíyọ́ tó tutù tó sì le. Limestone tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ńtì jẹ́ sedimentary, ìyẹn èyí tó gbára jọ ní ìpele-ìpele tó sì di òkúta. Marble tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì le lóòótọ́, ṣùgbọ́n limestone tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yí padà ni, metamorphic sì ni orúkọ rẹ̀.

Ó ku máàpù, èyí tí ọ̀pọ̀ ń sá fún tí kò sì yẹ kí wọ́n sá fún, nítorí ìdáhùn wà lórí ìwé níwájú wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwọ̀n máàpù (scale) 1:50,000 tóbi ju 1:1,000,000 lọ. Nọ́ńbà ńlá ń dẹ́rù bani, àmọ́ ẹ rò ó bí ẹ ṣe ń ro ẹ̀kọ tí wọ́n pín: ẹ̀kọ kan tí èèyàn àádọ́ta pín jẹ yóò kàn yín jù èyí tí ẹgbẹ̀rún èèyàn pín jẹ. Ní 1:50,000, sẹ̀ntímítà méjì lórí máàpù jẹ́ kìlómítà kan lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí àwọn ìlà kọ́ńtọ̀, ìyẹn ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, bá ya bíi lẹ́tà V, tí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ibi gíga, àfonífojì odò ni. Bó bá kọjú sí ìsàlẹ̀, ṣóńṣó òkè tó yọ síta ni.

Bíárìn (bearing), ìyẹn digírì tó ń sọ apá ibi tí ìlú kan wà sí òmíràn, ni mo fi sẹ́yìn nítorí òun ló ń bí mi nínú jù. Nígbà tí wọ́n bá béèrè bíárìn Ìbàdàn láti Èkó, Èkó ni ẹ ó dúró sí. Ẹ fa ìlà àríwá sí orí Èkó, kì í ṣe sí orí Ìbàdàn, kí ẹ wọn ún bí ọwọ́ aago ṣe ń yí títí dé ìlà tó lọ sí Ìbàdàn. Ẹ ó rí nǹkan bíi 030°. Ẹni tó bá lọ dúró sí Ìbàdàn á rí 210°, á sì bá a láàárín àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò kalẹ̀, bíi ti aago yẹn náà.