Bí a ṣe ń tọ́jú kánópì lásìkò òjò

Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, òjò àti ìnáwó máa ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi kánópì háyà ló gbà pé òjò ló ń jẹ tapólì wọn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Omi tó dúró lórí kánópì, àti kíká tí wọ́n ń ká a ní tútù, ló ń tètè sọ ọ́ di àkísà.

Orí bí ẹ ṣe gbé e ró ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa tapólì náà kó le dáadáa, torí ibi tó bá rọ̀ ni omi máa kó jọ sí. Tó bá jẹ́ èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan kúrú ju ti èkejì lọ, kí omi lè rí ọ̀nà ṣàn, ṣùgbọ́n kó má ṣe máa ṣàn sí ọ̀dọ̀ àwọn alásè. Tí ẹ bá to kánópì méjì pọ̀, ẹ má to àga sí àárín wọn rárá, ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé. Bàbá ìyàwó tí omi bá dà sí fìlà rẹ̀ kò ní gbàgbé yín bọ̀rọ̀.

Tí òjò bá ti dé, ẹ máa wòkè. Lítà omi kan wọn kílò kan. Tí omi bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré lórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, kílò 50 nìyẹn: àpò sìmẹ́ńtì kan gbáko ló jókòó sórí tapólì. Páìpù lè tẹ̀, ojú rírán sì lè ya. Ẹ kọ́kọ́ ní kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ dìde. Lẹ́yìn náà, ẹ wé aṣọ mọ́ orí igi gígùn, kí ẹ rọra fi ti omi náà sókè láti ẹ̀gbẹ́ títí tí yóò fi ṣàn lọ. Ẹ má fi igi ṣóńṣó gún un láàárín.

Òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń mú ìjì dání. Tí afẹ́fẹ́ bá ti ń gbé kánópì nílẹ̀, tàbí tí àrá ń sán, ẹ kó gbogbo èèyàn wọnú ilé. Irin ni àwọn ẹsẹ̀ yẹn.

Alẹ́ ni ìnáwó sábà máa ń parí, ó ti rẹ àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n á kàn ká tapólì tútù jù sínú ọkọ̀. Kò burú, bí ẹ bá lè tú u palẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó lè má ju ọjọ́ kan sí méjì lọ kí èébu tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹ fi kọ́ okùn, kí tojú tẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ. Ẹ fọwọ́ kan etí rẹ̀ àti ojú rírán. Ibẹ̀ ló máa ń gbẹ kẹ́yìn. Tó bá ti gbẹ, ẹ ká a kúrò nínú oòrùn, torí oòrùn náà máa ń sọ ọ́ di gbígbó.

Omi, ọṣẹ díẹ̀ àti fóòmù rírọ̀ ti tó fún fífọ̀. Ẹ má fi bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí Hypo kàn án: wọ́n lè bó ohun tí wọ́n fi kùn ún tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, kí wọ́n sì jẹ òwú tí wọ́n fi rán an.

Tó bá lu, ẹ gé lára tapólì àtijọ́, kí ẹ gé igun rẹ̀ kó rí roboto kó má baà tètè ṣí, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmékà lẹ̀ ẹ́ nígbà tí ojú ibẹ̀ bá mọ́ tó sì gbẹ.

Ẹ fi sáńpépà ha páìpù tó bá ti ń dípẹtà, kí ẹ fi ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń lò kùn ún. Tapólì ní tirẹ̀, ẹ gbé e lé orí pákó, torí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì máa ń rin lásìkò òjò. Ẹ má sì kó o sí yàrá tí ẹ ń kó gààrí àti àgbàdo sí. Eku tó bá wá jẹun níbẹ̀ á fi eyín kan tapólì náà.