Bí a ṣe ń fi èròjà ọṣẹ ìfọjú wé ti amọ̀ ìkunjú

Ẹni tó bá dúró níwájú àtẹ àwọn tó ń ta ohun ìṣaralóge ní ọjà Ouando, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, yóò rí i pé iwájú páálí ni wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn sí: «peau nette» (awọ tó mọ́), «argile verte» (amọ̀ aláwọ̀ ewé), «éclat» (dídán). Ẹ yí páálí náà padà. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré débi pé ẹlòmíràn yóò wá awò ojú, ni ẹ ó ti rí ọ̀rọ̀ náà «Ingrédients», àwọn orúkọ tó tẹ̀ lé e sì ni a ó fi wé ara wọn.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù, tí ọjà tó bá ti ilẹ̀ Faransé wá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, sọ pé kí a to èròjà láti orí èyí tó pọ̀ jù lọ dé orí èyí tó kéré jù. Àwọn tí kò tó 1% nìkan ni a lè tò bó ṣe wù wá. Aqua, ìyẹn omi, ló sábà máa ń ṣáájú. Ọgbọ́n kan wà tí mo máa ń dá: òfin yẹn kan náà kò gbà kí Phenoxyethanol, tí kì í jẹ́ kí ọjà bàjẹ́, ju 1% lọ, nítorí náà èròjà yòówù tí ẹ bá rí lẹ́yìn rẹ̀ kò lè pọ̀. Mo ti ra túùbù kan rí tí wọ́n kọ «argile verte» gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé ẹ̀yìn Phenoxyethanol ni amọ̀ náà wà, ẹ̀yìn Parfum pàápàá. Omi aláwọ̀ ewé ni mo rà.

Nínú ọṣẹ ìfọjú, orúkọ tí ẹ ó kọ́kọ́ wá ni ti èròjà afọdọ̀tí, nítorí òun ló ń di òróró àti eruku mú kí omi tó lè ṣàn wọ́n lọ. Sodium Lauryl Sulfate a máa hó púpọ̀, ó sì le. Ó lè mú kí ojú gbẹ, kí ó sì máa fani. Sodium Laureth Sulfate, tí orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti èkínní dọ́gba, rọ̀ jù ú lọ. Cocamidopropyl Betaine, tí wọ́n sábà ń fi òróró àgbọn ṣe, àti Decyl Glucoside, tí ṣúgà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é, tún rọ̀ ju méjèèjì lọ. Bí ẹ bá rí Betaine lẹ́yìn Laureth Sulfate, ẹ má bẹ̀rù jù, torí wọ́n máa ń pò wọ́n pọ̀ kí líle èkínní lè rọlẹ̀. Sodium Palmate tàbí Sodium Palm Kernelate ní tirẹ̀ ń sọ fún yín pé ọṣẹ gidi ni, èyí tí a fi epo pupa tàbí àdín ṣe. Irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀, títí kan ọṣẹ dúdú wa, a máa ní pH (òṣùwọ̀n kíkan: bó bá ṣe ga tó ni nǹkan ṣe jìnnà sí kíkan) tó tó 9 tàbí 10, nígbà tí ti awọ ojú wà ní nǹkan bí 5, ìdí nìyẹn tó fi le fún ojú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn ìyá wa. Èmi náà fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, ṣùgbọ́n ara ni mo ń fi í wẹ̀, n kì í fi í fọjú lójoojúmọ́.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Látìnì dẹ́rù bà yín. Butyrospermum Parkii ni òrí, tí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ igi rẹ̀ dáadáa. Cocos Nucifera ni àgbọn, Mel ni oyin, Aloe Barbadensis sì ni etí erin. Glycerin a máa fa omi sí awọ, ó sì dára kí ó wà lókè. Parfum ni lọ́fínńdà. Bí awọ yín bá máa ń yún, ẹ wo Linalool, Limonene àti Citral pẹ̀lú, èròjà olóòórùn dídùn tí kì í bá awọ ẹlòmíràn mu.

Amọ̀ náà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Kaolin, amọ̀ funfun tó jọ ẹfun, rọ̀, kì í fa òróró púpọ̀, ó sì bá awọ gbígbẹ àti awọ ẹlẹgẹ́ mu. Bentonite a máa wú nínú omi, ó sì ń fa òróró gidigidi. Awọ olóòróró ló tọ́ sí. Illite tàbí Montmorillonite ni ẹ ó sábà rí lẹ́yìn páálí «argile verte», agbára wọn kò sì kéré. Àwọn àbúrò mi obìnrin máa ń bi mí pé ṣé kí àwọn kúkú ra ẹfun lọ́jà. Mo ní rárá, nítorí kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti rí òjé nínú irú amọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà fún jíjẹ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń yẹ ọjà méjèèjì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni a ó lò wọ́n sí. Ọṣẹ kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ lójú kí a tó ṣàn án. Amọ̀ a máa wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òróró ni òun náà sì ń fà. Nítorí náà, ẹ gbé páálí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọṣẹ bá ní Lauryl Sulfate tàbí Salicylic Acid (èròjà tó ń bó òkú awọ, tó sì lè mú ojú gbẹ), Kaolin ni kí ẹ mú. Bí ó bá jẹ́ Glucoside ló wà nínú ọṣẹ, tí ojú yín sì ń yọ òróró, ẹ lè mú Bentonite lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Amọ̀ tó bá ní Alcohol Denat., ìyẹn ọtí tó ń mú awọ gbẹ, lókè, ẹ fi sílẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí ètè pàápàá ń sán. Èyí tó bá sì ní Hydroquinone, èròjà ìbóra, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó bá yín nájà.

Kí ẹ tó fi èyíkéyìí kun gbogbo ojú, ẹ fi díẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ sì dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ ṣan amọ̀ kúrò kí ó tó gbẹ pátápátá. Àwòrán ìgò tó ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú «12M» túmọ̀ sí oṣù méjìlá láti ọjọ́ tí ẹ ṣí i. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí ìdí rẹ̀.